Àwẹ̀ró Tó Ń Ṣọ́ Òjò

Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìlú Òkè-Agbọ̀n ló ń gbé láyé àtijọ́, ní apá òkè ilẹ̀ Yorùbá níbi tí àpáta ti pọ̀ ju igbó lọ. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Dúróoríkẹ́, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Iṣẹ́ èlùbọ́ ni Àwẹ̀ró fi tọ́ ọmọ náà dàgbà títí ó fi wọ ilé ọkọ. Kò ní lọ́wọ́, kò sì tọrọ jẹ. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn obìnrin yòókù ní agboolé Olókò ni pé ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù.

Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí èèrà tí wọ́n ń gbé ẹyin gun ògiri, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa fi ojú tẹ̀ lé wọn títí wọn yóò fi wọ ihò. Bí àwọn lékèélékèé bá ṣí kúrò lórí igi àràbà, yóò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ àti ẹni tó sọ fún wọn pé àkókò ti tó. Ìyá rẹ̀ a máa sọ fún un pé ẹni tó bá ń wádìí ohun gbogbo, oúnjẹ rẹ̀ á tutù. Òun náà a fèsì pé ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lẹ́yìn náà yóò wá jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní tútù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa èlùbọ́, kí ẹni tí kò ṣe é rí lè mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, wọ́n á sì wá sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú. Ọ̀tá kan ṣoṣo tí èlùbọ́ ní ni òjò. Èyí tí òjò bá pa nígbà tí kò tíì gbẹ, dúdú ló ń dà, á sì máa rùn débi pé ewúrẹ́ gan-an kò ní fẹnu kàn án. Ibi tí gbogbo agboolé Olókò ń sá tiwọn sí ni àpáta ńlá kan lẹ́yìn ilé wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Àpáta Pẹpẹ. Òkè rẹ̀ tẹ́jú dáadáa, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá odò.

Bí ìyàwó bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ṣe ń pín àpáta náà fún wọn. Ìyàwó àgbà ló ń gba òkè tó tẹ́jú, ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń gba ìsàlẹ̀. Àwẹ̀ró ló kẹ́yìn nígbà tí wọ́n pín in, nítorí náà ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí odò ló kàn án. Kò kùn rárá. Ó ti ṣàkíyèsí pé ibẹ̀ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń pẹ́ sí jù lọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú ara rẹ̀.

Ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú, àkọ́rọ̀ òjò bá èlùbọ́ rẹ̀ lórí àpáta, ó sì bà á jẹ́ pátápátá. Ó sunkún títí, ó nu ojú rẹ̀, ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Ṣé òjò yìí kò rán ẹnikẹ́ni ṣáájú ni?” Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òjò. Lọ́dọọdún, ní òwúrọ̀ tí ọyẹ́ bá ká kúrò nílẹ̀, yóò so akèrègbè tuntun kan mọ́ àjà, yóò sì sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni yóò máa sọ ọ̀kan sí i títí di ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀. Lọ́jọ́ náà, yóò da àwọn òkúta sílẹ̀, yóò kà wọ́n, yóò dá wọn padà, yóò sì dé akèrègbè náà pa. Bí igi irúgbá bá yọ òdòdó pupa rẹ̀, yóò fi èédú fa ìlà kan sára akèrègbè. Bí ìrókò bá rú ewé tuntun, ìlà mìíràn nìyẹn. Bí kọ̀ǹkọ̀ bá ké létí odò, bí èèrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sókè, bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, gbogbo rẹ̀ ló ní ìlà tirẹ̀.

Àwọn obìnrin agboolé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ó kúkú máa pọn omi sínú àwọn akèrègbè náà kí wọ́n lè wúlò. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì máa ka òkúta rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó tún rí ohun mìíràn wò. Ó kíyè sí i pé òjò àkọ́rọ̀ kì í ti ibòmíràn wá ju ẹ̀yìn òkè tó wà níhà ìlà-oòrùn lọ, àti pé láti ìgbà tí àrá àkọ́kọ́ bá ti sán níbẹ̀, àyè máa ń wà kí omi tó kán sórí Àpáta Pẹpẹ. Ó fi òkúta wọn àyè náà. Yóò ka ení, èjì títí dé ogún, yóò yẹ òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ó bá fi máa yẹ ọgbọ̀n òkúta ni òjò tó ń dé.

Ní ọdún keje, ní ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó jáde sí àgbàlá, ó ní kí gbogbo ènìyàn lọ kó èlùbọ́ wọn. Àwọn kan kó o, àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n wo òkè, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Oòrùn kò tíì wọ̀ lọ́jọ́ náà tí òjò fi dé. Àwọn tó rẹ́rìn-ín fi èlùbọ́ dúdú ro ọkà fún oṣù mẹ́ta gbáko. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún mẹ́nu kan pípọn omi sínú akèrègbè.

Báyìí ni orúkọ Àwẹ̀ró ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn àgbẹ̀ a wá béèrè ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbin àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ilé a wá béèrè bóyá ògiri òun yóò gbẹ kí òjò tó dé. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́ Òjò, àwọn ọmọdé sì ń kí i bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń sọ fún wọn pé ohun tí òun rí ni òun ń sọ, pé òjò kò bá òun sọ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, kò sọ ọ́ mọ́. Èmi ò dá a lẹ́bi. Oríyìn dùn, ta ló sì máa ń tu oyin dànù lẹ́nu ara rẹ̀? Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ti ń wí fún àwọn ènìyàn pé òjò kò jẹ́ já òun kulẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò pè é ní Ọ̀rẹ́ Òjò ni Ògúndèjì, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán, ìdí nìyẹn tí Àwẹ̀ró fi ń pè é ní Adúmáadán, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀. Ògúndèjì máa ń gbọ́ ìkìlọ̀ Àwẹ̀ró, ó sì máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí Àwẹ̀ró bá sọ pé òjò kò ní rọ̀ lọ́jọ́ kan, òun a ṣì gbé ẹní sí etí àpáta, a ní bí òjò bá bínú, kí òun rí nǹkan fi bo èlùbọ́ òun.

Ọdún kejìlá ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Kòkòrò jà nínú iṣu lọ́dún náà, gbogbo agboolé sì ń sáré bẹ iṣu wọn kó tó bàjẹ́ tán. Àwọn tó ní ọmọ púpọ̀ tètè bẹ tiwọn. Àwẹ̀ró nìkan ló ń dá tirẹ̀ bẹ, nítorí náà ó kẹ́yìn gbogbo wọn. Dúróoríkẹ́ ti wá sílé lákòókò náà. Oyún àkọ́bí ló ní, oṣù rẹ̀ sì ti pé, ó wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ó ti wù ú tó láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀yìn sì ń dùn ún bí ó bá jókòó pẹ́. Gbogbo iṣu tí Àwẹ̀ró ní láyé ló wà lórí Àpáta Pẹpẹ. Òun ni oúnjẹ tí ìyá, ọmọ, àti ẹni tó wà nínú oyún yóò gbára lé títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Kò sí òmíràn nílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró sọ òkúta kan sínú akèrègbè kejìlá, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Láti ọjọ́ tó ti ń kà á, òjò kò rọ̀ kí òkúta tó pé ọgbọ̀n rí. Síbẹ̀, bí ó ti ń gbálẹ̀, ó rí àwọn èèrà tí wọ́n ń gbé ẹyin gun ògiri. Ó gbé ojú sókè, ó rí alápàńdẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń fò nílẹ̀nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ dúró, ooru sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ilé lọ sùn ti ìkòkò omi. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á, àmọ́ inú rẹ̀ ló dùn. Òjò fẹ́ dé láìtọ́jọ́! Kí ló fà á? Ọ̀nà wo ni yóò gbà? Ó ń ṣe é bí ẹni tí àlejò tó ń retí fẹ́ yà lójijì.

Lójú ẹsẹ̀, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó kìlọ̀ fún gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Kó tó di pé oòrùn yẹ̀ àtàrí, wọ́n ti kó èlùbọ́ wọn tán, wọ́n gbé e wọlé, Àpáta Pẹpẹ sì ṣófo. Tirẹ̀ nìkan ló kù nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta lóòrùn, inú rẹ̀ sì ṣì rọ̀.

Ògúndèjì kó tirẹ̀ tán, ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo méjì, ó wá bá a.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “a ti kó tiwa. Tìrẹ ńkọ́?”

“Kò tíì gbẹ, ọkọ mi. Bí mo bá dì í jọ báyìí, yóò rùn. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yìí pa á díẹ̀ sí i.”

“Ìwọ lo sọ pé òjò ń bọ̀.”

“Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àrá bá ti sán, mo ní ọgbọ̀n òkúta. Kí n tó yẹ ogún, èmi àti ẹ̀yin á ti kó o tán.”

“Ta ló fún ọ ní ọgbọ̀n òkúta?”

“Òjò ni,” Àwẹ̀ró dáhùn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ṣọ́ ọ, kò já mi kulẹ̀ rí.”

Dúróoríkẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà dá sí i. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n kó o, pé wọ́n lè tún un sá lọ́la bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ó wọlé lọ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, pé ẹni tó fẹ́ bímọ kì í du èlùbọ́. Ògúndèjì fi apẹ̀rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ nítòsí, ó ní bí ó bá ti di pé àrá sán, kí ó pe òun, òun kò ní jìnnà. Ó wọlé lọ bomi mu.

Àwẹ̀ró gun òkè àpáta lọ, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó kó ọgbọ̀n òkúta sí etí aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àrá fi sán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó yẹ kó ti pe Ògúndèjì ní àkókò náà gan-an. Ẹnu rẹ̀ ti là láti pè é nígbà tó rí ohun tí kò rí rí ní gbogbo ọdún tó ti ń ṣọ́ òjò. Òjò náà kò gba orí òkè bọ̀. Ó gba ojú odò, ó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀, ó sì funfun bí aṣọ tí wọ́n nà sáàárín igbó. Àwẹ̀ró gbàgbé ẹnu ní lílà. Ó ní jẹ́ kí òun kà á dé òkúta kẹwàá péré, kí òun lè mọ bí ìrìn rẹ̀ ti yá tó, kí àwọn èèyàn lè rí i lò lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń kà, ó ń wò, ó ń yẹ òkúta. Ìgbádùn ńlá ni fún un, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Kò tíì yẹ òkúta kẹsàn-án tí ìjì fi gbé gèlè rẹ̀ lọ. Omi kọ́kọ́ dé, yìnyín sì tẹ̀ lé e, ó ń bà á lórí, ó ń bà á léjìká. Àwẹ̀ró ju òkúta sílẹ̀, ó kígbe pe Ògúndèjì, ṣùgbọ́n ariwo òjò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Bí ó ti dé àárín àpáta, ó rí i pé ẹnì kan ti ṣáájú òun débẹ̀. Dúróoríkẹ́ ni. Ó wà lórí eékún ní etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ikùn rẹ̀ ń kan ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá èlùbọ́ jọ sínú aṣọ rẹ̀, omi sì ń ya gba abẹ́ rẹ̀ lọ sínú odò.

Ẹ̀rù tí kò ba Àwẹ̀ró láti òwúrọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ èlùbọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń dìde, títí ó fi di ọmọ rẹ̀ mú ní abíyá.

“Ìyá mi, oúnjẹ wa ń lọ,” ni Dúróoríkẹ́ ń wí.

“Jẹ́ kó lọ. Tú aṣọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni kí o dì mú.”

Ọmọ náà tú aṣọ sílẹ̀. Kò sí èyí tó lè nàró nínú àwọn méjèèjì, àpáta ti ń yọ̀ ju ilá lọ. Àwẹ̀ró fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ dí omi kí ọmọ rẹ̀ má baà yọ̀ lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ yìnyín títí Ògúndèjì fi yọ sí wọn. Ọkùnrin náà fi ìdí wọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fa Dúróoríkẹ́ sókè, ó padà wá fa ìyá rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wo èlùbọ́ tó kù bó ti ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ wọ inú odò. Kò ku ẹyọ kan.

Bí òjò àkọ́rọ̀ ti máa ń ṣe, kò pẹ́ tó fi dá. Oòrùn tún yọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ilé jáde, wọ́n yí Àwẹ̀ró ká. Iwájú orí rẹ̀ ti wú níbi tí yìnyín ti bà á. Kò sí ẹni tó fi í ṣẹ̀sín, nítorí èlùbọ́ gbígbẹ ló wà nílé oníkálukú, òun ló sì kìlọ̀ fún wọn. Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé, ló fi aṣọ gbígbẹ bò ó, tó sì rọra bi í léèrè pé, “Ọ̀rẹ́ Òjò, kí ló dé tí ó fi ṣe ọ́ báyìí?”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ó sunkún èlùbọ́, ó sunkún ìtìjú, ó sì sunkún ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ lórí àpáta. Nígbà tó tó àkókò kan, ó gbé orí sókè.

“Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyá mi,” ó wí. “Láti ọdún mọ́kànlá wá ni mo ti ń wò ó. Mo mọ ìrìn rẹ̀, mo mọ ohùn rẹ̀, mo mọ ọ̀nà tó máa ń gbà. Mo wá rò pé òun náà mọ̀ mí. Kò mọ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé, kò rí yín. Èmi ló rí níta, èmi ló sì nà.”

Ògúndèjì ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó bu èlùbọ́ kún apẹ̀rẹ̀, ó gbé e ka iwájú Àwẹ̀ró. Ó ní ẹnu ìyàwó àwọn ló jẹ́ kí èlùbọ́ náà gbẹ, kò sì bójú mu kí ẹni tó la ojú ẹni máa sùn ní ebi. Ojúlé kan kò gbẹ́yìn nínú àwọn yòókù. Nígbà tó fi máa di alẹ́, èlùbọ́ tó wà nílé Àwẹ̀ró ti lè gbé òun àti ọmọ rẹ̀ dé ìgbà iṣu tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dúróoríkẹ́ bímọ láyọ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Béjídé.

Àwẹ̀ró kò ṣíwọ́ nínú ṣíṣọ́ òjò. Ojú rẹ̀ kò lè ṣàìwo òkè, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò lè ṣàìbéèrè. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà lọ, ọjọ́ tó bá ti rí èèrà lórí ògiri, tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kó, ìbáà gbẹ, ìbáà má gbẹ, kó tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì pè é ní Ọ̀rẹ́ Òjò, yóò fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, yóò tún ọ̀rọ̀ tó sọ fún Ìyá Àgbà sọ. Àwọn ará Òkè-Agbọ̀n gbé ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu rẹ̀, wọ́n gé e kúrú, ó sì di ohun tí àgbà ń wí fún ẹni tó bá rò pé ewu tó ń bá gbogbo ayé kò lè bá òun, pé: “Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.”